Ta Ló Pa Ófùnù Ìyá Oníkéèkì?

Ẹ má dá àwọn tó ń sọ pé ọmọ aráyé ló pa ófùnù Ìyá Oníkéèkì lóhùn. Mo wà níbẹ̀. Ẹnu ọ̀nà àbáwọlé ni mo pàtẹ ata mi sí, kò sì sẹ́ni tó lè gbé ohunkóhun wọ inú ilé yìí, tàbí kó gbé e jáde, kí n má mọ̀. Èmi kì í ṣe olófòófó o. Etí tí Ọlọ́run fún mi ló ń ṣiṣẹ́ rẹ̀. Ẹ jókòó sórí bẹ́ǹṣì yẹn. Ẹ rọra, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ń mì. Láti ọdún iléyá ni Bàbá Kaféńtà ti ní òun máa kàn án, ìyẹn sì tún ni ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn.

Ófùnù yẹn, tòkunbọ̀ ni. Ìlú Gẹ̀ẹ́sì ló ti wá nínú kọ̀ǹténà, Ìyá Oníkéèkì lọ rà á ní Alábà l'Ékòó, ó sì háyà ọkọ̀ gbé e wá sí Mọ̀kọ́lá níbí. Owó àjọ ló fi rà á. Kì í ṣe òun ló kàn láti kó àjọ lóṣù náà o, Àǹtí Nọ́ọ̀sì ló kàn. Ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì wọ yàrá, wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n sọ̀rọ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, n ò sì gbọ́ gbogbo rẹ̀. Èyí tí mo gbọ́ ni pé kéèkì ọjọ́ ìbí àwọn ọmọ Àǹtí Nọ́ọ̀sì ti di ọ̀fẹ́ títí wọn yóò fi wọ ilé-ìwé gíga. Nítorí náà, bí ófùnù bá kú, kì í ṣe ẹnì kan ló ń ṣọ̀fọ̀.

Nígbà tó dé, gbogbo ilé la lọ wò ó. Gíláàsì ni iwájú rẹ̀, aago sì wà lókè rẹ̀, nọ́ńbà aláwọ̀ ewé tó ń tàn tọ̀sán-tòru. Láti ọjọ́ náà ni Bàbá Kaféńtà kò ti wo aago ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Bó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ìrun ti tó, ojú fèrèsé kíṣìnnì Ìyá Oníkéèkì ló ń lọ. Ó ní aago lòun ń wò. Kéèkì tí wọ́n gbé sójú fèrèsé kó lè tutù ńkọ́? Ó ní òun ò rí kéèkì kankan.

Ẹ jẹ́ n wá sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Lọ́rì kan kó pákó wá fún ẹni tó ń kọ́lé lẹ́yìn wa. Wọ́n to pákó náà ga, wọn ò gbójú sókè, èyí tó wà lórí pátápátá bá kọ́ wáyà òpó iná, ó sì fà á já. Wáyà mẹ́rin ló wà lórí òpó yẹn. Mẹ́ta ló ń gbé iná, ìkẹrin ni wọ́n ń pè ní nútírà. Ká ní ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta yẹn ló já ni, àwọn kan á wà lókùnkùn, àwọn yòókù á máa fi wọ́n ṣẹ̀sín, ó parí. Ṣùgbọ́n nútírà ló já.

Ọmọ Ìyá Ẹlẹ́pà, èyí tó ń tún fóònù ṣe ní oríta, ló ṣàlàyé ìyẹn fún mi lẹ́yìn náà, mo sì bi í léèrè dáadáa. Ó ní láàárín wáyà iná kan àti nútírà, fóòtì 230 ló yẹ kó wọ yàrá wa. Láàárín wáyà iná kan àti èkejì rẹ̀, ó ń lọ sí 400. Bí nútírà bá wà níbẹ̀, kálukú ń jẹ 230 tirẹ̀, kò sẹ́ni tó ń wo ọbẹ̀ ẹnì kejì. Bó bá já, àwọn yàrá tó wà lórí wáyà kan àti àwọn tó wà lórí òmíràn á wá di ẹni tó ń pín 400 yẹn láàárín ara wọn, ìpín náà kì í sì í dọ́gba. Apá ibi tí wọ́n ti ń lo nǹkan púpọ̀ lọ́wọ́, tiwọn á relẹ̀. Apá ibi tí wọn ò tan nǹkan kan, orí wọn ni yóò dà lé.

Bó sì ṣe rí gan-an nìyẹn lójú mi. Ní ẹ̀yìnkùlé, níbi tí àwọn ọmọ pólì ti ń fi ìdáná oníná se ìrẹsì tí wọ́n tún ń lọ aṣọ, gílóòbù wọn pọ́n rúsúrúsú, fáànù dúró. Níwájú ilé, tí kò fi bẹ́ẹ̀ sí ẹni tó tan nǹkan, gílóòbù mọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ojú fi ń ro mí níbi tí mo jókòó sí. Tẹlifíṣọ̀n Bàbá Láńlọ́ọ̀dù dún pàù. Ófùnù Ìyá Oníkéèkì wà lórí sọ́kẹ́ẹ̀tì níwájú kan náà, kò yan nǹkan kan lọ́jọ́ náà, aago rẹ̀ nìkan ló ń tàn. Òun náà dún. Mo gbọ́ ọ. Ó kéré sí ti tẹlifíṣọ̀n, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ.

Àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ tiẹ̀ rò pé ìgbádùn dé ni. Bí wọ́n ṣe rí i tí iná mọ́lẹ̀ rekete, igbe ló bọ́ lẹ́nu wọn: "Ọ́ọ̀pù Nẹ́pà!" Ẹ gbà mí. Nẹ́pà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1972, tí wọ́n sọ di PHCN ní 2005, tí ìjọba gé sí wẹ́wẹ́ tà fún àwọn aládàáni ní 2013. Èyí tó dàgbà jù nínú àwọn ọmọ yẹn kò tíì pé ọdún mẹ́wàá. Ta ló kọ́ wọn? Mo rò pé inú oyún ni wọ́n ti gbọ́ ọ.

Bàbá Láńlọ́ọ̀dù jáde pẹ̀lú tówẹ́ẹ̀lì nídìí, ó ní iṣẹ́ Ṣàngó ni. Kò sí ohun tó bá iná dé tí Bàbá kì í ka Ṣàngó mọ́. Màrínà l'Ékòó ló ti ṣiṣẹ́ nígbà èwe rẹ̀, iwájú ère Ṣàngó tí Ben Enwonwu fi idẹ ṣe ní 1964 ló sì ń gbà kọjá lójoojúmọ́, èyí tí wọ́n gbé síwájú olú ilé-iṣẹ́ iná mọ̀nàmọ́ná níbẹ̀. Bí ẹ bá fi àyè gbà á, á fẹ́ fi ara rẹ̀ júwe bí ère náà ṣe dúró. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, Àǹtí Nọ́ọ̀sì ló bẹ̀ ẹ́ pé kó kọ́kọ́ di tówẹ́ẹ̀lì mú.

Wọ́n wá so wáyà náà padà. Iná dé, ó dúró dáadáa. Ojú ófùnù ṣókùnkùn. Aago kò sí. Ìyá Oníkéèkì tẹ bọ́tìnnì kan, ó tẹ èkejì, ó fa púlọ́ọ̀gì yọ, ó tún kì í bọ̀ ọ́, ó gbàdúrà sí i. Kò sí nǹkan. Bẹ́ẹ̀ kéèkì ìgbéyàwó ọmọ lọ́ọ́yà kan ní Bódìjà wà lọ́wọ́ rẹ̀, alájà mẹ́rin, wọ́n sì ti san àsansílẹ̀. Owó náà ti di bọ́tà àti fúláwà.

Ìgbà náà ni ẹnu bẹ̀rẹ̀. Obìnrin kan wà nínú ilé yìí tí mi ò ní dárúkọ. Òun ló kọ́kọ́ sọ ọ́ pé ìyá ọkọ Ìyá Oníkéèkì wá kí wọn lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, ó fọwọ́ pa ófùnù lórí, ó ní, "Ẹ̀rọ yìí mà rẹwà o." Ó ní kí a fi ọkàn sí ọ̀rọ̀ náà. Mo fi ọkàn sí i. Mo bi í pé ṣé ìyá ọkọ náà ló wa lọ́rì pákó ni? Kò dáhùn. Kò tíì ra ata lọ́wọ́ mi láti ìgbà náà.

Ẹnìkan júwe ẹnjiníà kan fún wọn. Ọkùnrin náà dé pẹ̀lú báàgì ńlá, wọ́n kọ "Engineer" sẹ́yìn ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ó ki púlọ́ọ̀gì bọ̀ ọ́, ó yọ ọ́, ó fi ìka kan ófùnù kọ́-kọ́-kọ́, ó fi etí lé e. Ó wá ní, "Páńẹ́lì ti kú." Ó ní Èkó ni wọ́n ti lè rí irú rẹ̀ rà, 150,000 náírà, kí wọ́n san ìdajì kalẹ̀. Ìyá Oníkéèkì bi í pé báwo ló ṣe mọ̀, nígbà tí kò tú nọ́ọ̀tì kan. Ó ní, "Mọ́mì, ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí." Ìdáhùn nìyẹn?

Nígbà tó rí i pé owó náà gara, ó tún mú ìmọ̀ràn mìíràn wá. Ó ní òun lè yọ páńẹ́lì náà dànù, kí òun so wáyà iná mọ́ irin tó ń gbóná tààrà, kí Ìyá Oníkéèkì máa fi ọwọ́ tan án, kó máa fi ọwọ́ pa á. Ẹ gbọ́ ná. Iṣẹ́ páńẹ́lì yẹn ni kó mọ ìgbà tí inú ófùnù gbóná tó, kó pa iná, kó tún tan án bó bá rọlẹ̀. Ẹ bá yọ ọ́ kúrò, irin á máa gbóná lọ láìdúró, àfi bí ẹni tó ń yan kéèkì bá jókòó tì í, tí kò kí àlejò, tí kò lọ tọ̀. Mo dá sí i níbẹ̀, wọn ò bi mí o. Mo ní kéèkì kì í ṣe iṣu sísun.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì fi fóònù pe àbúrò rẹ̀ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Àbúrò náà rẹ́rìn-ín kó tó sọ̀rọ̀. Ó ní tiwọn náà kú rí: iná lọ díẹ̀, ó padà, aago ófùnù wá ń ṣẹ́jú, òdo-òdo-òdo, ófùnù kò sì gbóná mọ́. Wọ́n pe oníṣẹ́. Oníṣẹ́ dé, ó tẹ bọ́tìnnì méjì pọ̀, ó yí aago síbi tó yẹ, ófùnù bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, ó sì gba 80 pọ́n-ùn. Ọ̀pọ̀ ófùnù tó ní aago báyìí, bí ẹ ò bá sọ iye aago tó lù fún un lẹ́yìn tí iná lọ, tí ẹ ò sì sọ fún un pé ọwọ́ lẹ fẹ́ fi darí rẹ̀, kò ní gbóná. Kò kú. Àṣẹ ló ń dúró dè. Mo rò ó lọ́jọ́ náà iye ófùnù rere tí wọ́n ti gbé fún àwọn alágbàtà irin nítorí aago tí wọn ò yí. Ṣùgbọ́n ti Ìyá Oníkéèkì kò ṣẹ́jú. Òkùnkùn biribiri ni.

Ẹ má gbàgbé ibi tí ọ̀rọ̀ dé yìí, torí èmi ni mo pe ọmọ Ìyá Ẹlẹ́pà. Abẹ́ agbòòrùn ní oríta ló ti ń tún fóònù ṣe. Ó kàwé iná mọ̀nàmọ́ná jáde ní pólì, ṣùgbọ́n ẹ̀pà ni ìyá rẹ̀ ń tà, àwa la sì rí i tó ń ṣeré nínú ẹrẹ̀, nítorí náà kò sẹ́ni tó ń pè é ní ẹnjiníà. Bó bá jẹ́ pé àdúgbò mìíràn ló ti wá, tó kọ nǹkan sẹ́yìn ṣẹ́ẹ̀tì, wọn ì bá ti ṣí àga fún un.

Ó dé, ó dọ̀bálẹ̀ fún Ìyá Oníkéèkì. "Ẹ kú ìrọ́jú, Mọ́mì. Kí ló ṣe é gan-an?"

"Ọmọ mi, ó kú."

"Ṣé aago rẹ̀ ń ṣẹ́jú ni, àbí kò tàn rárá?"

"Kò tàn rárá."

Kò fọwọ́ kan ófùnù. Sọ́kẹ́ẹ̀tì ló kọ́kọ́ wò. Ó ki ẹnu mítà rẹ̀ bọ̀ ọ́, mítà kọ 228. Ó ní iná wà níbí. Ó ní kí Bàbá Kaféńtà bá òun fa ófùnù síwájú, ó tú ẹ̀yìn rẹ̀, ó wọn ibi tí wáyà ti wọlé: 228. Ó ní iná dé ibí náà. Ó fa púlọ́ọ̀gì yọ. Nǹkan pẹlẹbẹ kan wà lẹ́yìn ófùnù tó máa ń gé iná bí ooru bá pọ̀ jù. Ó wọn òun náà, mítà ké píì, ó ní èyí wà láàyè. Ẹ wò ó, bí èmi náà ṣe máa ń tọ ọ̀rọ̀ lẹ́sẹ̀ nìyẹn. Ta ló sọ ọ́? Ta ló gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni yẹn? Ibo ló ti dáwọ́ dúró? Ó wá kù páńẹ́lì.

Kó tó fọwọ́ kan páńẹ́lì náà, ó mú gílóòbù kan tó ní wáyà méjì jáde, ó fi ẹnu wáyà kan kapásítọ̀ ńlá tó wà lórí rẹ̀. Gílóòbù kò tàn. Bàbá Kaféńtà rẹ́rìn-ín, ó ní àwọn ọmọ ìsinsìnyí ti bẹ̀rù jù. Ọmọ náà ní, "Bàbá, ẹ̀rín sàn." Ó ní bí iná 230 bá ti gba inú díóòdù kọjá, yóò di 325 nínú kapásítọ̀ yẹn, ó sì lè wà níbẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti fa púlọ́ọ̀gì yọ, kó máa retí ìka ẹni. Bàbá Kaféńtà ti na ìka rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó fà á padà, ó fi họ irùngbọ̀n.

Ojú àti imú ló kọ́kọ́ lò. Ó gbé páńẹ́lì súnmọ́ imú, ó gbóòórùn, ó sì gbé e fún mi. Ó ń rùn. Ó fi ohun róbótó aláwọ̀ búlúù kan hàn mí, ó ti là sí méjì, dúdú èéfín yí i ká. Varistor ni wọ́n ń pè é. Iṣẹ́ rẹ̀ dà bíi ti mẹ́gádì ẹnu géètì: bí iná bá wà ní ìwọ̀n tó yẹ, ó jókòó jẹ́ẹ́, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, bí fóòtì bá ti kọjá ààlà, á dì í mú lẹ́nu ọ̀nà, á fà á sára rẹ̀ títí fíùsì yóò fi já. Fíùsì rẹ̀ náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, gíláàsì kékeré kan, inú rẹ̀ dúdú kirikiri. Ó ní kí n wo dúdú yẹn dáadáa. Bí fíùsì bá kàn rẹ̀ tó já, gíláàsì rẹ̀ á mọ́, okùn inú rẹ̀ á gé láàárín. Bó bá dúdú báyìí, ohun ńlá ló gba inú rẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nítorí náà ẹni tó bá kàn pààrọ̀ fíùsì láìwá ohun tó pa á, fíùsì tuntun náà á tẹ̀lé e lọ.

Bàbá Láńlọ́ọ̀dù dá sí i. Ó ní kí ló dé tí kò fi irin tín-ín-rín kan dí ojú fíùsì ọ̀hún, pé nígbà tiwọn, bébà fàdákà inú páálí sìgá ni wọ́n fi ń dí i. Bàbá kan náà ni o, tí tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ jóná. Mo bi í pé, Bàbá, ẹ má bínú, kí lẹ fi dí fíùsì tẹlifíṣọ̀n yín? Ó ní ata mi ti ń gbẹ, kí n lọ wọ́n omi sí i.

Mítà ló wá sọ ìyókù. Díóòdù tó bá wà láàyè máa ń jẹ́ kí iná gba apá kan, kò sì ní jẹ́ kó gba apá kejì. Mẹ́rin ló wà níbẹ̀, ọ̀kan nínú wọn gbà á ní ìhà méjèèjì. Ó yọ ọ́. Kapásítọ̀ ńlá ti wú lórí. Èyí tó jẹ́ kékeré lápá kejì kò wú, ṣùgbọ́n ó ní òun máa pààrọ̀ ẹ̀ náà, torí ìtòsí ooru ló ń gbé. Ó ní wọ́n ń ṣírò rẹ̀ pé bí ooru ibi tí kapásítọ̀ wà bá fi 10 lé sí i lórí òṣùwọ̀n Celsius, ẹ̀mí rẹ̀ á dín sí ìdajì. Ẹ wá rò ó wò, kapásítọ̀ tí ilé rẹ̀ wà lórí ófùnù.

Ó ku ohun kan tó rí, tí kò sì ní í ṣe pẹ̀lú lọ́rì rárá. Ó fi iná fóònù tan ẹ̀yìn páńẹ́lì, lábẹ́ ohun kékeré kan tó ń tan irin ìgbóná. Rìléè ni wọ́n ń pè é, òun ló ń dún tàk bí ófùnù bá fẹ́ gbóná. Ìlà kékeré kan yí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ká níbi tí lẹ́ẹ̀dì ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ páńẹ́lì. Lẹ́ẹ̀dì náà ti là. Ó ní èyí ti pẹ́. Gbígbóná àti títutù, gbígbóná àti títutù, ló là á, ó sì ṣeé ṣe kí ófùnù ti máa gé iná láàárín iṣẹ́, kó tún so ó padà fúnra rẹ̀.

Ìyá Oníkéèkì jókòó sílẹ̀ gbì.

Ẹ̀yin ò mọ̀dí. Ó tó oṣù mélòó kan tí kéèkì rẹ̀ ti ń wọ̀ láàárín. Á wú, á dára, àárín rẹ̀ á wá jìn wọlé. Ìyá Ẹlẹ́yin ló sì di ẹ̀bi náà rù. Ìyá Oníkéèkì ní ẹyin tó tà fún òun ti pẹ́ nílẹ̀. Ìyá Ẹlẹ́yin búra, ó fi ọmọ búra, wọ́n pe ara wọn lórúkọ tí n kò lè sọ níwájú ata mi. Wọn ò kí ara wọn mọ́. Ìyá Oníkéèkì wá ń lọ ra ẹyin ní Sángo. Gbogbo ọ̀rọ̀ yẹn, lẹ́ẹ̀dì tí kò tó èékánná ọmọ ọwọ́ ló dá a sílẹ̀! N ò sọ nǹkan kan. Mo kàn dìde, mo ní mo fẹ́ lọ wo nǹkan lẹ́yìn ilé. Kí n tó padà, Ìyá Ẹlẹ́yin ti gbọ́.

Ọmọ náà ń lọ Ògùnpa láti ra àwọn ohun tó nílò, mo bá a lọ. Mo fẹ́ ra ọ̀rá ata, ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀ yẹn. Níbẹ̀ ni mo ti rí i pé ọmọ yìí mọ iṣẹ́. Wọ́n kọ 14D471 sára ohun róbótó tó jóná yẹn. 14 ni bó ṣe fẹ̀ tó ní mìlímítà, 471 ni 47 pẹ̀lú òdo kan lẹ́yìn, ìyẹn fóòtì 470 tó máa ń jí i. Ẹni tó ń tà á kò ní in lọ́wọ́, ó mú 271 wá, ó ní ọ̀kan náà ni wọ́n, pé búlúù ni méjèèjì. Ọmọ náà dá a padà. Ó ní èyí jẹ́ ti ibi tí iná wọn jẹ́ 120, bíi Amẹ́ríkà. Bí wọ́n bá gbé e sórí 230 tiwa, ojú ẹsẹ̀ ló máa bẹ́. Búlúù ni méjèèjì! Mo wo ọkùnrin náà látòkè délẹ̀. A rí 471 ní ṣọ́ọ̀bù kẹta sí i. Gbogbo ohun tí ó rà, fíùsì, varistor, díóòdù mẹ́rin, kapásítọ̀ méjì tí wọ́n kọ 105 °C sí lára dípò 85, owó rẹ̀ kò tó páálí ẹyin kan.

Ó padà, ó jó lẹ́ẹ̀dì, ó tò wọ́n. Ó tún lẹ ẹsẹ̀ rìléè náà dáadáa. N kò wá rò pé ó tún ku nǹkan, ṣùgbọ́n kò gbé e sórí iná tààrà. Ó ní òun nílò gílóòbù àtijọ́, èyí tó ní okùn nínú tó máa ń gbóná, 60 tàbí 100. Ta ló tún ń lo irú ẹ̀? Gbogbo ilé la wá, gílóòbù funfun ìgbàlódé la rí. Àǹtí Nọ́ọ̀sì ló rántí pé ọkùnrin tó ń sin òròmọdìẹ ní òpópónà kejì ń fi wọ́n mú adìẹ gbóná. A lọ yá ọ̀kan lọ́wọ́ àwọn òròmọdìẹ. Wọ́n ké o.

Ó so gílóòbù náà sójú ọ̀nà, kí iná kọ́kọ́ gba inú rẹ̀ kí ó tó dé páńẹ́lì. Bí páńẹ́lì bá ṣì ní ṣọ́ọ̀tì, gílóòbù á tàn rokoṣo, nǹkan kan ò sì ní jóná. Bí páńẹ́lì bá ti yá, á kàn ṣẹ́ fìrì, á sì kú. Ó tan án. Gílóòbù tàn rokoṣo. Gbogbo wa dákẹ́. Obìnrin tí mi ò ní dárúkọ ní, "Mo sọ ọ́." Kí ló sọ?

Ọmọ náà pa iná, ó sún mọ́ ọn. Ohun dúdú kékeré kan ló kù lójú ọ̀nà iná ńlá náà, ẹsẹ̀ méje ló ní, ibi tó yẹ kí ìkẹjọ wà ṣófo. Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn láti ilé-iṣẹ́. Wọ́n kọ LNK304 sí i lára. Òun ló ń sọ 325 yẹn di kékeré tí aago àti rìléè lè jẹ. Mítà fi hàn pé ó ti di ṣọ́ọ̀tì. Ó sá lọ sábẹ́ agbòòrùn rẹ̀, ó tú àpótí páńẹ́lì àtijọ́ tó ń kó jọ, ó rí páńẹ́lì ẹ̀rọ ìfọṣọ kan tó ti kú tí irú rẹ̀ wà lórí rẹ̀. Ó yọ ọ́, ó wá lẹ̀ ẹ́ síbí. Ó tan iná. Gílóòbù ṣẹ́ fìrì, ó kú. Nọ́ńbà aláwọ̀ ewé yọ lójú páńẹ́lì, òdo-òdo-òdo, ó ń ṣẹ́jú.

Bàbá Kaféńtà ni inú rẹ̀ dùn jù. Ó ní, "Aago mi!"

Ìyókù yá. Ó wọn irin ìgbóná, ó rí 26 ohm, ó ní bí irin tó ń lo 2,000 watt ṣe yẹ kó rí lórí 230 nìyẹn. Ọ̀pá tó ń wọn ooru inú ófùnù wà ní 1,100 ohm, ó ní bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn bí ófùnù bá tutù. Ó dá páńẹ́lì padà sílé rẹ̀, ó ki púlọ́ọ̀gì bọ̀ ọ́, ó yí aago, ó tẹ bọ́tìnnì méjì tí àbúrò Àǹtí Nọ́ọ̀sì san 80 pọ́n-ùn lé lórí. Tàk. Ooru dé.

Kéèkì ọmọ lọ́ọ́yà jáde ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, alájà mẹ́rin, àárín kò wọ̀. Ẹyin ta ni wọ́n fi ṣe é? Ti Ìyá Ẹlẹ́yin. Ìyá Oníkéèkì gbé owó lọ bá a fúnra rẹ̀, ó kúnlẹ̀ díẹ̀, kò kúnlẹ̀ tán. Ìyá Ẹlẹ́yin gba owó, ó sì fi 200 náírà lé e lórí páálí kan ju ti ẹlòmíràn lọ. Ó ní owó ìbúra ni. Mo rò pé ó tọ́ sí i.

Ẹnjiníà tiẹ̀ padà wá. Ó ní òun wà ní àdúgbò, òun ní kí òun wò ó bóyá wọ́n ti rí owó àsansílẹ̀ náà. Ó bá ófùnù tó ń gbóná. Ó fi ìka kàn án kọ́-kọ́-kọ́, ó fi etí lé e, ó ní, "Ṣé ẹ rí i? Mo sọ fún yín pé páńẹ́lì ni." Ó béèrè bóyá kò sí kéèkì díẹ̀ tó wó. Wọ́n fún un.

Ọmọ Ìyá Ẹlẹ́pà gba owó iṣẹ́ rẹ̀, kò pọ̀, n kò sì ní sọ iye rẹ̀ kí ẹ má baà máa ná an. Ṣùgbọ́n ó sọ ọ̀rọ̀ kan fún Bàbá Láńlọ́ọ̀dù. Ó ní ẹ̀rọ kan wà tí wọ́n ń so mọ́ ẹ̀gbẹ́ mítà, tó ń gé iná ilé bí fóòtì bá ti ga jù tàbí tó ti relẹ̀ jù, tó sì ń dá a padà bí ó bá ti tòrò. Ó ní bó bá jẹ́ pé a ní in ni, tẹlifíṣọ̀n Bàbá ṣì ń sọ̀rọ̀ dòní. Bàbá rò ó, ó ní Ṣàngó kò lè kọ ìyẹn. Ó wá ní kí yàrá kọ̀ọ̀kan dá owó.

Mo ti dá tèmi. Àǹtí Nọ́ọ̀sì ti dá tirẹ̀. Ìyá Oníkéèkì dá ti yàrá méjì. Àwọn ọmọ pólì ní àwọn máa san bí wọ́n bá ti fi owó ránṣẹ́ sí wọn láti ilé, mo sì gbà wọ́n gbọ́. Ẹnì kan ṣoṣo ló kù tí kò tíì dá kọ́bọ̀, tó ní ẹ̀rọ kò lè gba ẹni tí ayé bá dojú kọ. Mo ti ní mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Yàrá kẹta ni, lápá ọ̀tún, èyí tó ní kọ́tìnnì pupa.